Bàbá Hahnemann, Ẹ Kú Iṣẹ́ Omi

Sí Dókítà Samuel Hahnemann, ọmọ Meissen ní Jámánì,

Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Láti 1843 tí ẹ ti wọlẹ̀ sí Paris, àwọn ọmọ ẹ̀yìn yín kò sinmi. Wọ́n ṣì ń ta kóró ṣúgà wẹẹrẹ tí wọ́n ń pè ní hómíópátì, àní fún obìnrin tí tàírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó mọ́.

Ẹ ò mọ obìnrin yẹn. Tàírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, ló ń tú họ́mọ̀nù tó ń pinnu bí ara yóò ṣe yára ṣiṣẹ́ tó. Tí họ́mọ̀nù náà bá wọ́n, òtútù á máa mú un lọ́sàn-án gangan, ara á wúwo, irun á máa já, ìgbẹ́ á le, oorun ò ní tán lójú ẹ̀. Ìyá ọkọ á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn míì, áyódínì ni kò tó nínú oúnjẹ wọn, gẹ̀gẹ̀ á sì yọ. Ti àwọn míì, ara wọn fúnra rẹ̀ ló ń bá tàírọ́ìdì jà.

Ẹ̀yin ní ohun tó lè dá àìsàn sí ara ẹni tó le ni yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ní 1790 ẹ mu èèpo igi tí wọ́n fi ń wo ibà, ó ṣe yín bí ẹni pé ibà ti dé. Títí débẹ̀, ìyá alágbo á jókòó tì yín. Àfi ìgbà tí ẹ ní kí a po ẹ̀kán oògùn kan mọ́ ẹ̀kán omi tàbí ọtí 99, kí a lu ìgò mọ́ ìwé eléèpo awọ, kí a tún mú ẹ̀kán kan níbẹ̀, ó di ìgbà 30, kí a tó ta á sórí kóró ṣúgà! Bàbá, lẹ́yìn ìgbà 12, oògùn ti tán nínú ìgò. Alágbo wo ló tó bẹ́ẹ̀ láti tà ní Ọjà Ọba?

Ká má purọ́, nígbà ayé yín ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà ń dà lára aláìsàn. Omi yín sàn ju ọ̀bẹ wọn lọ. Ṣùgbọ́n àìní ni àìsàn tí mo ń wí yìí. Ẹni tí ebi ń pa, ṣé ebi la ó bù fún un jẹ?

Ẹ gbọ́ ti àgùntàn. Ní 1891, George Murray, dókítà kan ní Newcastle, fa oje tàírọ́ìdì àgùntàn, ó gún un lábẹ́rẹ́ fún obìnrin ẹni ọdún 46 kan. Ara obìnrin náà jí pépé, ó sì wà láyé di 1919. Tàírọ́ìdì àgùntàn tó lé ní 870 ló lò kó tó kú! Àwọn ọmọ yín náà mú àgùntàn, wọ́n pe tiwọn ní Thyroidinum, wọ́n wá ń bu omi là á títí àgùntàn fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹyọ kan á wo gbogbo Èkó, á tún ṣẹ́kù.

Ní tiwa, a ti dá àgùntàn sí. Levothyroxine, họ́mọ̀nù tàírọ́ìdì tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ oògùn, là ń lò; dókítà á yẹ TSH, họ́mọ̀nù tó ń darí tàírọ́ìdì, wò nínú ẹ̀jẹ̀, á fi kún oògùn náà tàbí kó dín in kù. Aláboyún tó bá fi kóró ṣúgà rọ́pò oògùn yìí, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ bá mi bá àwọn ọmọ yín wí lórí ìyẹn.

Omi yín ò kúkú ṣòfò. Láàárọ̀, nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 kéèyàn jẹun, omi lásán la fi ń gbé levothyroxine mì. Kì í ṣe kọfí o. A kì í sì í lu ife mọ́ ìwé kankan.