Ọ̀gá Onílẹ̀kùn Méjì

Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ óò gbúròó Ọ̀gá kí ẹ tó rí i. Ohùn ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ wọ Ìjẹ̀bú-Òde láti ojú títì Ṣágámù, orí tí wọ́n fá tó ń dán yóò tẹ̀ lé e, ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì yóò wá yọ nísàlẹ̀ wọn. Èkó ni Ọ̀gá ń gbé. Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí Mọ́lípà ló máa ń sùn bó bá wálé. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì. Ìjókòó méjì péré ni ọkọ̀ náà ní, fìlà ló sì wà lórí èkejì.

Porsche Boxster ni, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000. "Jámánì pọ́ńbélé," bẹ́ẹ̀ ni yóò wí. Ẹ má bá a jiyàn. Láti 1997 títí di 2011 ni wọ́n fi to púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ yìí ní ìlú Uusikaupunki ní Finland, nọ́ńbà ara ọkọ̀ kì í sì í purọ́: bí ẹ bá kà á dé ipò kọkànlá, tí ẹ bá rí S níbẹ̀, Stuttgart ni, bó bá jẹ́ U, Finland ni. Ọ̀gá mọ nọ́ńbà tirẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n bó bá dé ìdí U, ikọ́ máa ń mú un.

Láti Ojúde Ọba ọdún 2024, tí Farooq Oreagba gẹṣin kọjá pẹ̀lú gíláàsì dúdú àti ara fínfín, tí àwòrán rẹ̀ sì gba ayé kan, ni oorun kò ti kun Ọ̀gá mọ́. Ìdílé àwọn Balógun ló ni ẹṣin lọ́jọ́ náà, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ni aṣọ. Ọ̀gá wò ó títí, ó rí i pé kò tíì sẹ́ni tó gba ipò ọkọ̀ òrùlé ṣíṣí.

Ohun kan ṣoṣo tó dí i lọ́wọ́ ni táǹkì kúláǹtì. Ike lásán ni. Inú rẹ̀ ni omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára máa ń sá sí bó bá gbóná tó sì wú. Omi tí a kò dé lórí a máa hó ní 100 °C. Ìdérí táǹkì ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ooru rẹ̀ fi lè kọjá bẹ́ẹ̀ láì hó. Bí ẹ bá ti tan ọkọ̀, ike náà á wú. Bí ẹ bá pa á, á súnkì. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún! Àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ á là. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí a pààrọ̀ rẹ̀ lọ, tòun ti ìdérí, nítorí ìdérí tí sípíríǹgì rẹ̀ ti kú kò yàtọ̀ sí ihò.

Mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bá búùtù níbẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó ṣí búùtù, ó tún bá búùtù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí?"

Ọjọ́ tí Ọ̀gá ti ra ọkọ̀ ló ti ń retí ìbéèrè yìí. Ó gbá etí agbádá sẹ́yìn. "Àárín ló wà, lẹ́yìn ìjókòó mi." Ibi tó ti ń ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni mẹkáníìkì ti ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù ẹ̀yìn sókè, tó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, tó sì gbóòórùn ọwọ́. Ó rin, òórùn rẹ̀ sì ń dùn bíi súìtì.

"Táǹkì yín ti là, sà. Ẹ ránṣẹ́ sí ọjà Ládìípọ̀ kí wọ́n bá yín ra tuntun."

"Èló?"

Mẹkáníìkì dá iye kan.

"Lórí rọ́bà? Rọ́bà tí kò sẹ́ni tó máa rí i?"

Alẹ́ àná ni ó ná ìlọ́po mẹ́ta owó yẹn mọ́ iwájú orí olórin. Èmi kò tilẹ̀ dá a lẹ́bi tán. Ta ni onílù ti kì rí nítorí táǹkì? Ó ra Araldite, wọ́n fi lẹ ojú ibi tó là, wọ́n bomi kànga lé ìwọ̀nba kúláǹtì aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù, ó sì ní òun mọ owó í ṣọ́.

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí í ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, ọkọ̀ kò lọ, kò bọ̀, ní ojú títì Fọlágbadé. Ọwọ́ tó ń ka ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọgbọ́n kan wà tí Ọ̀gá mọ̀, ọgbọ́n gidi sì ni: kí a tan hítà dé òpin, kí ooru ẹ́ńjìnnì lè gba inú ọkọ̀ jáde. Ó tàn án. Oòrùn ọ̀sán lórí, hítà lẹ́sẹ̀, agbádá mẹ́ta-n-ta láàárín. Òógùn ń dà, eyín wà níta. Onílù rò pé ìwúrí ni, ó túbọ̀ ń lu ìlù. Ọ̀gá sì ń náwó, nítorí kò lè dá ọwọ́ dúró kí wọ́n má baà wo ìdí ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ọmọ kan ké, "ọkọ̀ yín ń mu sìgá!"

Nígbà tí wọ́n tì í dé ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọ́n ṣí búùtù, léèsì funfun tó fẹ́ wọ̀ lálẹ́ ti mu kúláǹtì yó, ó ti rí tótòtó ní àwọ̀ ewé. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síbi àsè. Ó ní àdìrẹ ni. Ará Abẹ́òkúta kan wà nídìí tábìlì tó jókòó sí. Ó wo aṣọ náà títí, ó bu ọbẹ̀ kún oúnjẹ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ sí Ládìípọ̀. Ọlọ́jà gbé táǹkì méjì jáde: tuntun nínú páálí, àti tòkúnbọ̀ tó ti pọ́n, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an. Tòkúnbọ̀ ló mú. Ó ní ike tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láì là ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Lẹ́yìn tí wọ́n nájà fún wákàtí kan, ó ní kí wọ́n fi ìdérí àtijọ́ kan ṣe ènì fún òun.