Ọmú Ara Ògiri: Ìdá Tiwa Dà?

Ẹ̀yin ará Peckham ní London, ẹ̀yin ará Maryland ní Amẹ́ríkà, ẹ kú iná o. A gbọ́ nílé pé ẹ ti já ọkọ̀ yín lẹ́nu epo, ọmú ara ògiri ló ń mu báyìí. Ẹ kú oríire. Ọkọ̀ ń mu ọmú, ọkọ ń sanwó, ìyàwó ń ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp.

Ìyẹn ò dùn wá. Ohun tí kò jẹ́ kí àwa ará Ìdáàṣà ní Bẹ̀nẹ̀ sùn ni pé ìjọba tún ń bá yín san nínú owó ọmú ọ̀hún. Ẹ ra àpótí tó ń fún ọkọ̀ ní iná, ẹ kàn án mọ́ ògiri, ẹ fa wáyà rẹ̀ dé ìdí mítà, ìjọba sì ní kí ẹ wá gba díẹ̀ padà nínú ohun tí ẹ ná. Háà! Àwa tí a ti ń kan nǹkan mọ́ ògiri láti ayébáyé ńkọ́? A kan kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, a kan fọ́tò bàbá àgbà, a kan aago tó ti kú ṣáájú bàbá àgbà. Ẹnì kan ò fún wa ní fáráńkì kan rí.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 75 nínú 100 ni ìjọba ń san nígbà kan, bí kò bá ti kọjá £350. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 30 nínú 100 ni, bí kò bá ti ju $1,000 lọ. Àwa ọmọ Ìdáàṣà, ìdá tó wà lórúkọ wa nìkan ni ìdá tí a rí gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ rọra yangàn, nítorí a ti ka ìwé yín. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń gbé odindi ilé tara rẹ̀. Wọ́n ní ó ku ayálégbé àti ẹni tó ni fúláàtì. Ìgbà tí onílé ń jowú ayálégbé nìyẹn, ayé ti fẹ́ parí! Ṣùgbọ́n ayálégbé náà gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ onílé, ó sì gbọ́dọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀ tí kì í ṣe ojú títì. Ayálégbé tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀ ní London! Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe irú ìyẹn fún, kí ló tún ń fi £350 wá kiri?

Ti Amẹ́ríkà tún ládùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í ka owó sí yín lọ́wọ́, inú owó orí yín ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tí kò bá jẹ ìjọba lówó orí, ahọ́n ni yóò fi lá ètè. Wọ́n tún ní ilé náà gbọ́dọ̀ wà ní àdúgbò àwọn tí owó ò tó wọn lọ́wọ́, tàbí ní ibi tí kì í ṣe ìgboro. Bùrọ̀dá tó ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ yìí pé àárín àwọn ọlọ́lá ni òun ń gbé, òun náà ló ń búra nísinsìnyí pé ìgbẹ́ ni o, pé òun ń gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́ lóru. Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ìgbẹ́ ni wọ́n ń wá, ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Igbó Ìdáàṣà ni ìlú wa ń jẹ́, a ò tiẹ̀ fi bò. Àmọ́ owó náà ní gbèdéke: òfin tí Trump bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2025 ti ní àpótí tí ẹnikẹ́ni bá kàn lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2026, tara rẹ̀ ló kàn án fún.

Ọmú yìí sì tún níwà. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2022, òfin Gẹ̀ẹ́sì sọ pé èyí tí wọ́n bá tà fún ìdílé gbọ́dọ̀ gbọ́n. Bí onílé kò bá yí i padà, kò ní fún ọkọ̀ ní iná láàárín ọ̀sẹ̀ láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀, àti láti aago mẹ́rin ọ̀sán sí mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí gbogbo ìlú ń lo iná. Ọkọ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà, á ya ẹnu sílẹ̀, ọmú á ní, "Pa ẹnu dé, ó di aago mẹ́wàá." Bí aago mẹ́wàá bá lù tán, ó tún lè fi tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ṣakaṣìkì, kí gbogbo ọkọ̀ ìlú má baà gbé ẹnu lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wò ó, iná tiwa ti gbọ́n kí London tó dá ọgbọ́n sílẹ̀. Ó ń lọ nígbà tó bá wù ú, ó ń dé nígbà tó bá wù ú, kò sì sí ẹni tó kọ òfin fún un.

A gbọ́ pé ọmọ kan tiẹ̀ pe ìyá rẹ̀ láti London láti ròyìn oore yìí.

"Màmá, ìjọba fún mi lówó o!"

"Olúwa, o ṣeun! Owó kí ni, ọmọ mi?"

"Ti nǹkan tí mo kàn mọ́ ògiri ni, Màmá."

"Ṣé ògiri náà ń jò ni?"

"Rárá, Màmá. Ọkọ̀ mi ló ń gba iná níbẹ̀."

"Ó gbiná? Ọkọ̀ rẹ gbiná! Ẹ gbà mí o, ará ilé!"

Kí ọmọ ó tó ṣàlàyé tán, àwọn aládùúgbò ti pọn omi dé, ẹnì kan sì ti ń wá ẹni tí yóò mọ ọ̀nà London.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbé ọmú náà dé ọ̀dọ̀ wa, ògiri wo la ó kàn án mọ́? Òkè 41 ni wọ́n ní a ní. Ẹni tó bá rò pé wọ́n purọ́, kó wá kà á, a ó bá a di iyán lọ́nà. Àpáta yìí làwọn baba wa sá gùn nígbà tí ogun Dahomey ń kó ènìyàn, ó ti ṣe iṣẹ́ ògiri kí bíríkì tó dé. Bó bá jẹ́ owó ògiri la fẹ́ san, àpáta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà á. Iná ńkọ́? Kìlówáàtì 7 ni èyí tó wọ́pọ̀ ń jẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iná àyọ́ọ̀nù méje tó ń lọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Tàn án ní agbolé wa, kí fíríìjì ìyá olómi tútù sọ pé ó dìgbóṣe, kí mítà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí onígbèsè tí olówó ń lé. Ṣàngó ti ń pín iná fún àwọn òkè yìí lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìwáṣẹ̀, kò sì béèrè mítà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn kìlówáàtì 7.

Ẹ má tún sọ pé ìjọba tiwa ò ṣe nǹkan kan. Ní Kutọnu, wọ́n ti mú owó ibodè kúrò lórí ọkọ̀ iná. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ gbólóhùn tó kù: tuntun ni kó jẹ́. Tuntun! Àwa tó jẹ́ pé ọkọ̀ tí ará Jámánì ti fi ọdún mẹ́wàá gùn là ń pè ní tuntun, tí a sì ń gbàdúrà fún!

Àwọn tó ń fi iná rìn lọ́dọ̀ wa kò tiẹ̀ ní ògiri. Zemidjan ni wọ́n, àwọn tí ará Èkó ń pè ní ọlọ́kadà. Láti 2022 ni ilé iṣẹ́ M Auto, tó ń jẹ́ Spiro báyìí, ti ń kó alùpùpù oníná wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Alùpùpù yìí kì í mu ọmú rárá, ikùn ni wọ́n ń pààrọ̀ fún un. Ó dé ibùdó, wọ́n yọ bátìrì tó ti rẹ̀, wọ́n ki èyí tó yó bọ̀ ọ́, ó lọ. Kí ẹni Maryland tó fi orúkọ àdúgbò rẹ̀ kún fọ́ọ̀mù, zemidjan Kutọnu ti gbé èrò, ó ti bá èrò jà nítorí ṣéńjì, ó ti gbé òmíràn.

Àwọn ìyá oníkpayo tó ń ta epo Nàìjíríà nínú ìgò lẹ́bàá títì ti fura. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni Tinúbú sọ̀rọ̀ ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, kò sì pẹ́ tí ìgò ìhín gbọ́, owó rẹ̀ fò sókè. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wo alùpùpù tí kì í ké yẹn tìfura-tìfura. Wọ́n ní iná ò ṣeé rọ sínú ìgò, pé ohun tí kò bá ti ṣeé rọ sínú ìgò, ká ṣọ́ra fún un.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Owó tí ẹ ń gbà yẹn, ẹni tó ní ògiri, tó ní ọkọ̀, tó sì ti kọ́kọ́ rí owó ná ni wọ́n ń fún. Bí irú rẹ̀ bá ń bọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n má kàn án mọ́ ògiri ẹnikẹ́ni. Abẹ́ àga zemidjan ni kí wọ́n fi í sí: kí bátìrì rẹ̀ dínwó, kí ibùdó ìpààrọ̀ pọ̀ ní gbogbo ọ̀nà láti Kutọnu dé Pàràkú, kí iná ibẹ̀ má sì níwà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti gba tiyín, a ò jowú yín, a kàn ń bẹ̀ yín ni. Ẹ yọ ìdá kan níbẹ̀, ẹ fi ra sólà kékeré ránṣẹ́ sí Ìdáàṣà, ká lè máa fi ṣáájì fóònù. Bí fóònù wa bá kú, ta lẹ ó máa yangàn fún?