Alàánú Ẹ̀yìn Páálí

Bí ẹ bá ti jókòó sídìí eré Dungeons & Dragons rí, ẹ ó ti pàdé rẹ̀. Òun ni Dungeon Master, Ọ̀gá tó ń darí eré, tí wọ́n ń pè ní DM. Ó ti fi páálí ńlá kan ṣe odi síwájú ara rẹ̀. Ìwé òfin wà lápá ọ̀tún, ìpápánu wà lápá òsì, dáìsì sì wà lẹ́yìn odi níbi tí ojú ẹlòmíì kò dé. Ẹ̀rín músẹ́ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lójú ara rẹ̀, láti Milwaukee títí dé London, kò sí ẹlẹ́yinjú àánú tó tó o.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò fara sin. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe ń lọ nìyí: oníkálùkù á mú ẹ̀dá kan, ìbáà ṣe jagunjagun, oṣó tàbí olè, á sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ fẹ́ ṣe. DM ni ẹnu fún gbogbo ìyókù, látorí iwin dórí ọlọ́tí. Níbi tí kò bá ti sẹ́ni tó mọ bí yóò ṣe já sí, dáìsì olójú ogún ni yóò dájọ́.

Adájọ́ yìí gan-an ni Ọ̀gá kò fọkàn tán.

Ẹ wò ó nídìí Lost Mine of Phandelver, ìrìn àjò àwọn akọ́ṣẹ́ tó wà nínú Starter Set ọdún 2014. Ikọ̀ bá òkú ẹṣin méjì lójú ọ̀nà, iwin mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní goblin sì ti lúgọ dè wọ́n nínú igbó. Ọ̀kan ta ọfà sí oṣó tí àmì ẹ̀mí rẹ̀, ìyẹn iye ọgbẹ́ tó lè gbà kó tó ṣubú, kò ju 8 lọ. Ọ̀gá ju dáìsì: 20! Ọfà wọlé, dáìsì ọgbẹ́ di méjì. Ọ̀gá wo dáìsì, ó wo ojú ọmọbìnrin tó ni oṣó, ó tún wo dáìsì, ó wá yára fọwọ́ bò ó bí ẹni tó he owó lọ́jà. Ó ní, “Háà, ó tàsé! Etí rẹ ló fẹ́ kọjá.”

20 yẹn kì í ṣe èèmọ̀. Bí goblin mẹ́rin bá kọlu ikọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà kan nínú márùn-ún tí ó kéré tán ọ̀kan yóò jù ú. Òfin eré mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti pèsè àánú tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí àmì ẹ̀mí rẹ̀ di òdo kò tíì kú. Ó ṣubú ni. Á máa ju dáìsì fún ara rẹ̀: bó bá rí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bọ́, bó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dágbére. Kó tó dé ibẹ̀, àlùfáà inú ikọ̀ lè sáré gbé e dìde. Ìwé ìrìn àjò náà tilẹ̀ sọ pé bí goblin bá borí, wọn á fi ikọ̀ sílẹ̀ ní dídákú, wọn á kó ẹrù wọn lọ. Ọ̀gá kò kà á débẹ̀. Ẹni tó mú àlùfáà, tó ti ń ṣọ́ ìwòsàn rẹ̀ lò láti ìrọ̀lẹ́, kò wá ríṣẹ́ ṣe.

Bí ẹ bá bi í léèrè, Gygax ni yóò pè lẹ́rìí. Lóòótọ́, nínú Dungeon Masters Guide ọdún 1979, Gygax fún DM láṣẹ láti yí ìdájọ́ dáìsì padà. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ṣe gbogbo ohun tó yẹ, tí àìríire lásán fẹ́ pa, ni a lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, kí ojú kan tàbí apá kan sì bá a lọ. Ní ti ẹni tó hùwà òmùgọ̀, kí dáìsì ṣe é bó ṣe fẹ́. Ìlàjì ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀gá mọ̀ sórí.

Àánú rẹ̀ sì lẹ́yìn. Nígbà tó yá, oṣó wa dàgbà, ó ní Fireball, iná tí a ń ju dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ fún. Gbogbo alẹ́ ló fi tọ́jú rẹ̀. Ó tan ọ̀tá àgbà sí kọ̀rọ̀, ó ju iná, ó rí 41, bẹ́ẹ̀ 28 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Àmì ẹ̀mí ọ̀tá kò ju 40 lọ nínú ìwé, kò sì yẹ iná náà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn tí ọ̀tá yìí gbọ́dọ̀ sọ kó tó kú. Ó yọjú lókè páálí: “Ó jóná lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì dúró!” Ó ti bu 30 kún un.

Àwọn tó yí tábìlì ká kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n ti rí i pé goblin kì í tàsé nígbà tí ara gbogbo wọn bá le, kì í sì í bà nígbà tí ẹ̀mí bá ku bíńtín. Jagunjagun tó ku àmì 3 ń rìn wọ ẹnu dírágónì láìgbé apata. Oṣó kò gbèrò nǹkan kan mọ́. Kí ló fẹ́ gbèrò sí? Ọ̀gá ti parí eré nílé kí wọ́n tó dé.

Kò sẹ́ni tó ní kó máa pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí goblin mẹ́rin bá pọ̀ jù fún akọ́ṣẹ́, kó mú mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú, kó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n jọ fẹnu kò. Bó bá sì jẹ́ dáìsì gan-an ló kórìíra, eré mìíràn tó ń jẹ́ Apocalypse World ti wà láti 2010. Ẹni tó ń darí ìyẹn kì í ju dáìsì rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá a ṣeré, bó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ tún máa jókòó, ẹ ní kó ká páálí yẹn nílẹ̀, kó máa ju dáìsì rẹ̀ níwájú yín.