Àwọn Awásùn Ẹdúnàbọ̀n

Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, ẹ jókòó. Ẹ ò tíì gbọ́ ti ewúrẹ́ ìyá eléwé àti ọ̀gá yunifásítì tó kọ́lé sẹ́yìnkùlé wa? Mò ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ láti ìdí.

Tí ẹ bá wọ Ẹdúnàbọ̀n láago méjì ọ̀sán, ẹ ó ní ìlú arúgbó àti adìyẹ lẹ dé. Irọ́ o! Ifẹ̀ làwọn tó kù lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí ayálégbé kan ládùúgbò wa (ẹ má bi mí lórúkọ) fi ń sáré lé kòrópe, pákò lẹ́nu, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Kí ọkọ̀ tó dé Lágéré n'Ifẹ̀, ó ti lé tìróò, ó ti kun ètè. Ẹni tó bá rí i níbi iṣẹ́ á ní inú dígí ló ti jáde.

Ṣe ló sá kúrò n'Ifẹ̀, tó wá ń sùn lọ́dọ̀ wa. Sísá sì ti wà nínú ìtàn wa tipẹ́. Ara ìlú tí wọ́n ń pè ní Orígbó Méje ni wá, àwa, Ìpetumodù amọ̀kòkò, àtàwọn yòókù. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín àwọn ọdún 1830, àwọn tí ogun lé rọ́ wọ ilẹ̀ Ifẹ̀ títí dé apá ọ̀dọ̀ wa. Ó wà nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Ogun ló lé tiwọn. Owó ilé Ifẹ̀ ló lé àwọn ti ìsinsìnyí. Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ó kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967, ó jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀ ní 1987. Bí ọmọ ilé-ìwé ṣe ń pọ̀ ni onílé ń bu owó lé owó. Ìgbà tí yunifásítì Odùduwà tún dé Ìpetumodù ní 2009, oko kòkó bàbá ẹlòmíì di pulọ́ọ̀tì lójú wa báyìí.

Àwọn awásùn yìí ní atẹ́gùn abẹ́ igi làwọn bá wá. Wọ́n dé tán, wọ́n gé igi, wọ́n wá tan jẹnẹrétọ̀ kí fáànù lè fẹ́ wọn! Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ayálégbé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣírò, ó káwọ́ lérí: owó tó sá fún l'Ifẹ̀, awakọ̀ ti ń gbà á díẹ̀díẹ̀.

Ẹn-ẹ́n, ewúrẹ́. Ọ̀gá gbin òdòdó yí ilé ká. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó tún dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ọ̀gá ní kí ìyá lọ so ẹran wọn mọ́lẹ̀. Ìyá tún ìró ró, wọ́n ní, “Ọ̀gá, ewúrẹ́ tèmi ò sá wá síbí o. Ibí ni wọ́n bí i sí.”