Bí Òpònú Ṣe Ń Se Ẹ̀wà, Tó sì Ń Dín Dòdò

Ọlọ́gbọ́n tó bá ń ka èyí, kó ṣí ojú ìwé mìíràn. Ìwọ tí ìyàwó ẹ ń lọ kí ìyá ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó yọrí lójú fèrèsé mọ́tò, tó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀wà wà nínú ike o, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n, ọ̀dùnkún wà lábẹ́ tábìlì, ẹ ṣáà bá mi sè é fáwọn ọmọ," ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Inú ẹ dùn. Kì í kúkú ṣe iyán, kì í ṣe ọbẹ̀ àpọ̀n. Gbá èrò yẹn mú ṣinṣin, torí pé orí ẹ̀ ni gbogbo ìlànà yìí dúró lé: ohun tó bá ti rọrùn, kò yẹ kéèyàn fojú sí i.

Ẹ̀wà ló kàn. Má ṣà á. Àwọn obìnrin tó máa ń tú ẹ̀wà sórí atẹ, tí wọ́n á máa fi ìka tì í díẹ̀díẹ̀ sápá kan, tí wọ́n ń yọ òkúta, tí wọ́n ń yọ pàǹtí, tí wọ́n ń yọ èyí tí kòkòrò ti lu, ọwọ́ wọn ló dilẹ̀. Ihò róbótó tí ò ń rí lára ẹ̀wà yẹn, kòkòrò ló gbabẹ̀ jáde: ìyá ẹ̀ yé ẹyin sára ẹ̀wà, ọmọ gbẹ́nu wọlé, ó jẹ inú ilé tán, ó dàgbà, ó wá ṣílẹ̀kùn lọ. Bó o bá bá èyí tí kò tíì lọ, má lé e. Ẹran ti wọ́n lọ́jà.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n fi àwàdà sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń wọ́n dichlorvos, oògùn apakòkòrò, sínú àpò ẹ̀wà kó má bàa bàjẹ́. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà torí oògùn yìí, lọ́dún 2019 sì ni NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré ní gbangba ọjà. Májèlé ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀wà òun pẹ́, kó sá a gbẹ dáadáa, kó rọ ọ́ kún ike tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, kó dé e pa. Kòkòrò tí kò rí atẹ́gùn mí, ikú ló kù fún un. Ó tó. Mo padà sọ́dọ̀ òpònú mi.

Ẹ̀wà olóyin tètè ń jinná ju ẹ̀wà funfun lọ, nítorí náà po méjèèjì sínú ìkòkò kan. Nígbà tí ọ̀kan bá ti fọ́ di ẹ̀kọ, ìkejì á ṣì máa dún kàù láàárín eyín. Omi àkọ́sè, èyí tó máa ń dúdú, tó máa ń hó ru bo ìdérí, má dà á nù. Àwọn tó ń dà á nù ń sọ pé ó ń kó lára ohun tó ń fẹ́ni nínú lọ. Ìwọ fẹ́ kí àwọn ìbejì mọ̀ pé ẹ̀wà làwọn jẹ, kí kíláàsì wọn náà sì mọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Iyọ̀ ńkọ́? Dà á sí i látìbẹ̀rẹ̀. Tòmátì náà, dà á sí i kí omi tó hó. Ohun kíkan kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀ bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá ẹ fi máa ń dúró kí ẹ̀wà jinná kó tó da ata àti epo lé e. Àmọ́ ṣé ìyá ẹ kàwé tó ẹ ni? Tí ilẹ̀ bá wá ń ṣú, tí ẹ̀wà ò gbà, tí àwọn ọmọ ti ń kan ilẹ̀kùn kíṣìnì, wá káún. Ègé bíńtín ló ń tó ìkòkò kan; ìwọ, ju odidi òkúta ẹ̀ sí i. Ẹ̀wà á rọ̀, kò sírọ́ níbẹ̀, á sì máa yọ̀ lẹ́nu bí ọṣẹ. Káún tó pọ̀ jù tún máa ń ba fítámínì B1 tó wà nínú ẹ̀wà jẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ka fítámínì nígbà tébi ń pọmọ?

Ní ti iná, yí i dópin. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ àwọn àgbà ò ní gáàsì. Lọ jókòó ti bọ́ọ̀lù. Òórùn ni yóò pè ọ́ wá bu omi sí i. Bí ìdí ìkòkò bá ti jóná nígbà náà, má fòyà, ẹ̀wà Àgọ̀nyìn lo sè. Dúdú ṣáà ni dúdú. Lóòótọ́, ata àwọn obìnrin Àgọ̀nyìn, àwọn tó ti ìhà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò gbé agbada wọn wá sí Èkó, dúdú nítorí pé ata gbígbẹ tí wọn ò lọ̀ kúnná àti alùbọ́sà ni wọ́n fi sùúrù dín nínú epo pupa tí wọ́n ti yọ́ títí àwọ̀ ẹ̀ fi ṣí. Tìẹ dúdú nítorí pé wọ́n fún wa ní pẹ̀nárítì.

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ẹ̀wà níyì. Àwọn Àgùdà Èkó, ọmọ ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá, ń se frejon ní Ọjọ́ Ẹtì Rere: ẹ̀wà tí wọ́n sè tó rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá fi omi àgbọn rírin sè títí ó fi kì, tí wọ́n ń fi ẹja àti ọbẹ̀ ata jẹ. Ọjọ́ kan gbáko lórí ẹ̀wà! Àwọn yẹn ò mọ̀ pé oúnjẹ tó rọrùn ni.

Ó ku dòdò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, tí èèpo ẹ̀ pupa tó sì ní àmì dúdú kéékèèké, òun ló yẹ dòdò. Èyí tí kò tíì pọ́n, wọ́n ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ìpékeré. Èyí tó ti rọ̀ kọjá ààlà, àwọn ará Ìkirè ní Ọ̀ṣun mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i: wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, èèyàn á sì dúró lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ torí ẹ̀. Gbogbo ìyẹn ti pọ̀ jù fún ẹ. Èyí tọ́wọ́ ẹ bá ti bà, gé e. Gé ọ̀kan nípọn, gé ìkejì fẹ́lẹ́, kí wọ́n má bàa jinná pọ̀.

Da òróró sí agbada, má sì dúró kó gbóná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá wọ òróró tútù kì í dín, mímu ló ń mu. Wàá rí i tí òróró ń lọ sílẹ̀, tí dòdò ń wúwo. Kó gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè dì mọ́ra. Nígbà tí o bá sì wá bínú tan iná dópin, ẹ̀yìn á dúdú kí inú tó gbóná, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ṣúgà ló kún ara ẹ̀, ṣúgà kì í sì í bá iná ṣeré. Èyí tó bá ṣèèṣì dára, gbé e sórí àwo, kọ ẹ̀yìn sí i. Táíwò á mú ẹyọ kan. Kẹ́hìndé á mú méjì, torí pé òun ni ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀dùnkún ò ní wàhálà, ìyẹn ò sì dáa fún òpònú. Dín in nínú òróró tí dòdò ti jóná sí, kó lè korò. Bó bá jẹ́ ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń kó wá láti Jọ́ọ̀sì lo ní, tẹ́ ẹ sójú oòrùn kí èèpo ẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ọlọ́gbọ́n á gé apá yẹn sọ nù, torí pé májèlé ń bẹ nínú kíkorò ẹ̀.

Ẹ̀wà á ṣẹ́ kù, ó dá mi lójú. Má tún un gbé kaná, má gbé e sínú fíríìjì, dé e pa síbẹ̀ di òwúrọ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, wàá rí i tó ń hó láìsí iná nídìí ẹ̀. Tẹ́nikẹ́ni bá bi ẹ́ pé kí ló ń rùn, sọ pé ògì lo rẹ.