Ta Ló Rí Ẹlẹ́dẹ̀ Nígbà Tó Ń Wọlé?

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ ìwà ẹran náà dunjú. Kì í já wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á kọ́kọ́ ti imú bọ àárín igi ọgbà, á dúró. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pariwo, á ti orí tẹ̀ lé e. Kí olóko tó mọ̀, ìdí ti wọlé, iṣu ti tán lébè. Ohun tí àwọn àgbà kò sọ ni iye ọjọ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ń jáde. Àwa ọmọ ayé òde òní la jókòó pinnu ìyẹn fún wọn: ọjọ́ méje.

Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba iṣẹ́ ní Èkó nígbà tí bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì ń dé ihò tó gbẹ̀yìn. Ìdájí ló ń jáde nílé, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló ti ń jẹ gálà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló sì fi ń sìn ín. Ìgò 50cl kan ṣoṣo lè ní ju 50 gíráàmù ṣúgà lọ, ìyẹn bíi kálórì 200. Kílò kan ọ̀rá ara jẹ́ bíi kálórì 7,700. Lórí ìwé, ìgò kan lójúmọ́ tó kílò mẹ́sàn-án lọ́dún kan. Ara kì í tẹ̀ lé ìṣirò ṣinṣin bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ti rí ihò tí imú ń gbà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ta ló pariwo? Àwa gan-an la ń pàtẹ́wọ́: "Ẹ kú ìgbádùn o! Owó ti ń wọlé." Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ pé ara ọmọ òun ti yọ. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fi oríkì kí lẹ́nu ọ̀nà, kí ló máa dá a padà?

Ó di ọjọ́ tí fọ́tò òde àríyá kan dé orí WhatsApp, ojú bá là. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti lé ẹ̀bà kúrò nílé, bàtà eré sísá tuntun ti dé. Lọ́jọ́ kẹrin, òṣùwọ̀n fi kílò méjì wálẹ̀, ìjẹ́rìí sì ti kún inú gbogbo gúrúùpù. Lọ́jọ́ kọkànlá, òṣùwọ̀n kò mira. Wọ́n gbé e kúrò lórí táìsì lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n bọ́ aago ọwọ́. Wọ́n bọ́ yẹtí. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ eyín.

Kò sí àjẹ́ nínú rẹ̀. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, èyí tí wọ́n ń pè ní glycogen, ó sì ń tọ́jú omi tó tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ mọ́ ọn. Bí oúnjẹ bá dín kù, èyí ló kọ́kọ́ ń tán, omi rẹ̀ a sì bá ìtọ̀ lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe ìjẹ́rìí lé lórí, omi ni. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, ìwọ̀n ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ sì ni àwọn elétò ìlera máa ń gbà wá nímọ̀ràn. Ẹ wá rò ó: iyọ̀ inú súyà alẹ́ àná, nǹkan oṣù obìnrin, ìgbẹ́ tí kò yà, èyíkéyìí lè gbé òṣùwọ̀n sókè ní kílò kan láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìdajì kílò ọ̀rá tó lọ lóòótọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí i.

Ẹni tó fẹ́ràn òṣùwọ̀n kó lọ bi Santorio. Dókítà ni ní Padua, ní Ítálì. Ó so àga kọ́ ara òṣùwọ̀n ńlá, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ó ń wọn ohun tó jẹ, ohun tó mu, àti ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1614. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wọ inú ara kì í bá ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ jáde, pé láìfojú rí ló ń lọ. Ọgbọ̀n ọdún! Àwa gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, a ní ó ti bàjẹ́.

Ọ̀nà tí ọ̀rá gan-an ń gbà jáde, Ruben Meerman àti Andrew Brown ní Australia ṣírò rẹ̀ ní 2014. Bí kílò mẹ́wàá ọ̀rá bá kúrò lára, kílò 8.4 ń bá èémí lọ gẹ́gẹ́ bí carbon dioxide, 1.6 yòókù di omi. Ẹ ò rí i pé imú náà ni ọ̀rọ̀ tún padà sí. Ilé ìyàgbẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ olóògùn tíì lórí fóònù:

"Àǹtí mi, ọjọ́ méje péré, ẹ ti di lẹ́pa."

"Ṣé kò ní pa mí lára?"

"Rárá o. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ ṣáà má jìnnà sílé."

Ewé senna tó máa ń wà nínú irú tíì bẹ́ẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ ni. Àǹtí á yà, á tún yà, kílò kan á lọ, á sì rà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Àwọn mìíràn kì í ra nǹkan kan, wọ́n kàn pa ẹnu dé ni. Ní Yunifásítì Minnesota, láàárín 1944 sí 1945, olùwádìí Ancel Keys dín oúnjẹ ọkùnrin 36 kù fún ọ̀sẹ̀ 24. Wọ́n rù lóòótọ́. Òtútù ń mú wọn, agara dá wọn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, àwọn kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìdáná jọ. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ oúnjẹ fún wọn, ọ̀rá padà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ yọjú wo fóònù ẹni tó pa ẹnu dé nílé yín láago méjì òru: bí wọ́n ṣe ń se ayamáṣe ló ń wò.

Abẹ́rẹ́ ti wá dé, semaglutide, Ozempic àti Wegovy lórúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Ó ń ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2021, àwọn tó gbà á fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í parí gbólóhùn náà, ẹ jẹ́ kí n bá wọn parí rẹ̀: láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Ọ̀sẹ̀ 16 àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún oògùn náà kí ara tó lè gbà á. Ẹni 100 kílò tó bá sọ márùn-ún péré nù, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń sàn. Àmọ́ ta ló ń ya fọ́tò ẹ̀jẹ̀ ríru sórí Instagram?

Nínú gbogbo wa, télọ̀ ni mo rí tó gbọ́n jù. Oníbàárà rẹ̀ kó léèsì wá ní Oṣù Kẹwàá, ìgbéyàwó ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá. "Bọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ wọ̀n mí. Ẹ gé ínṣì mẹ́rin kúrò níbàdí, màá ti dé ibẹ̀ kó tó dìgbà yẹn." Bọ̀dá ní kò burú. Ó kọ nọ́ńbà tí oníbàárà pè sínú ìwé, ó fojú wọ̀n ọ́n láti òkè délẹ̀, ó kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi àyè ínṣì mẹ́rin sílẹ̀ nínú ojú ìrán. Iye tó ń gbà fún títú àti iye tó ń gbà fún dídín, ọgbọọgba ni wọ́n lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.