Nígbà Tí Omi Bá Dì Nínú Páìpù

Omi tó bá dì máa ń wú. Bó ṣe ń di yìnyín, àyè tó ń gbà á fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, páìpù kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sún fún àlejò. Síbẹ̀, kì í sábà jẹ́ ojú ibi tí yìnyín wà gan-an ni páìpù ti ń bẹ́. Yìnyín á dí ọ̀nà, á máa ti omi tó wà níwájú rẹ̀, omi náà á sì há sáàárín yìnyín àti ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti pa. Ìfúnpọ̀ yẹn ló ń la páìpù, ìbáà ṣe bàbà, ìbáà ṣe rọ́bà. Ìwádìí Yunifásítì Illinois fi hàn pé bí òtútù ìta bá ti tó nǹkan bí dígírì 7 lábẹ́ òdo, páìpù tí wọn kò fi nǹkan bò lókè àjà ti wà nínú ewu.

Ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìlú Rẹ́mọ tó para pọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, irú ewu yìí kò sí. Ọyẹ́ ibẹ̀ lè bẹ́ni létè, ó lè mú kí arúgbó da aṣọ méjì bora, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ òdo rárá. Oòrùn ni páìpù ń bá jà níbẹ̀: rọ́bà tó gba ara ògiri gòkè lọ sínú táńkì á gbó, á sì sán. Ìyẹn pàápàá kì í ṣe ẹjọ́ ńlá. Ẹjọ́ ńlá ni pé bọ́họ́ọ̀lù wà, táńkì wà, iná tí yóò fa omi gòkè ni kò sí. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ máa jò kán-kán jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá yóò torí rẹ̀ pe orúkọ gbogbo ọmọ ilé.

Ìdí nìyí tí òfin àkọ́kọ́ ìlú òtútù fi ń ya ọmọ Rẹ́mọ tó ń gbé ibẹ̀ lẹ́nu: lóru tí òtútù bá le, kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ díẹ̀, kí omi máa kán títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ̀rọ tó ń kán kò ní jẹ́ kí omi há. Ìyá tó wá láti ilé wá tọ́jú ọmọ-ọmọ ni ọ̀tá òfin yìí. Bó bá jí lóru nítorí ọmọ tó ń ké, etí rẹ̀ á gbọ́ kán, kán, kán láti ilé ìdáná. Á lọ, á fi apá tó ti fa omi kànga láti kékeré lọ́ ẹ̀rọ náà pa, á sì bá àwọn onílé wí lójú oorun: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ọ̀fẹ́ lẹ ń pọnmi ni?” Àlàyé nípa yìnyín kì í tètè wọ̀ ọ́ létí. Ohun tó ń parí ìjà ni kí wọ́n gbé báàkẹ́tì sábẹ́ ẹ̀rọ, nítorí omi tó bá ti wọ báàkẹ́tì, omi tí wọ́n pọn ni. Àárọ̀ ni yóò fi fọ aṣọ ọmọ.

Àwọn ìṣọ́ra yòókù kò dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ń fi fóòmù wé páìpù tó bá gba ibi tí ooru ilé kò dé. Wọ́n ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì kí ooru lè wọlé, wọ́n sì ń tú okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìta. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń da omi rẹ̀ síta. Bí òtútù bá dí ìyẹn, bọ́ílà á kú ní ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń dà sí páìpù náà lára, kì í ṣe omi tó ń hó.

Houston, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ooru ni wọ́n kọ́ ilé ibẹ̀ fún, òkè àjà sì ni ọ̀pọ̀ páìpù gbà. Ní oṣù Èrèlé 2021, òtútù tó nǹkan bí dígírì 10 lábẹ́ òdo, iná sì lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4 ní Texas. Páìpù bẹ́, àjà ń rọ òjò sórí bẹ́ẹ̀dì. Omi ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lágbára mọ́ débi pé ìjọba Houston bẹ àwọn ará ìlú kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kán mọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Gbogbo ẹ̀kọ́ ìyá tó ń pa ẹ̀rọ lóru di àṣẹ ìjọba! Ẹni tó ti gbé ilé tí kò níná tí kò lómi rí kò nílò olùkọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ti pọnmi kún ibi ìwẹ̀ kí aládùúgbò rẹ̀ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

Bí omi bá ti dì, tí páìpù kò tíì bẹ́, kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi dráyà irun yá páìpù náà láti ẹnu ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn. Iná sítóòfù tàbí àbẹ́là kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ilé ti jóná nípa bẹ́ẹ̀. Bó bá ti bẹ́, kọ́kì tó ń dá omi gbogbo ilé dúró ni kí wọ́n sáré tì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ síńkì ilé ìdáná ló sábà ń wà. Ọ̀pọ̀ ló ń wá a fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí omi ti dé orókùn ẹsẹ̀ àga.

Oṣù Ọ̀pẹ ló ṣòro jù, nítorí ìgbà náà ni òtútù ń dé tí onílé sì ń wálé ṣọdún. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ amúlégbóná kí owó má baà lọ, páìpù lè bẹ́ lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò kò sì ní sanwó fún ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ láìgbóná. Nítorí náà, wọ́n á fi ooru sí dígírì 13: ilé òfìfo á máa yáná lókè òkun, ẹni tó ń sanwó rẹ̀ á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra ní Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n ti kọ́kì àgbà, kí wọ́n ṣí àwọn ẹ̀rọ kí omi inú páìpù gbẹ, kí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò tó ti mọ ibi tí kọ́kì wà.